Iyọ̀ ni mi ò tètè fi: ọ̀rọ̀ èmi àti awọ àgbò ní Kubwa

Ẹ jẹ́ n ti ibi tó ti bà jẹ́ bẹ̀rẹ̀, torí àwọn tó ń wá sílé wa báyìí tí wọ́n ń rí awọ àgbò tó tẹ́ sílẹ̀ ní pálọ̀ rò pé mo kàn jí lọ́jọ́ kan ni mo mọ̀ ọ́n ṣe. Irọ́ ni o. Èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe, inú kòtò ló wà lẹ́yìn ilé, èmi ni mo sì gbẹ́ kòtò ọ̀hún lóru kí àwọn ará ilé má bàa rí mi.

Iléyá 2024 ni, Sunday, ọjọ́ 16 oṣù June. A pa àgbò kan nínú kọ̀mpáǹdì wa ní Kubwa l'Abuja níbí, Yankasa, gbogbo ara ẹ̀ funfun báláú àfi dúdú tó yí ojú ẹ̀ méjèèjì ká bí ẹni tó lé tìróò. Nílé wa n'Ílọrin, tí wọ́n bá ti dúńbú àgbò tán iná ló kàn, wọ́n á sun irun ẹ̀ dànù, wọ́n á fi kànrìnkàn fọ̀ ọ́, awọ á bá ẹran wọ ìkòkò, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ṣùgbọ́n àwọn Hausa tí a jọ ń gbé kọ̀mpáǹdì, bíbó ni wọ́n máa ń bó tiwọn, wọ́n á sì ká awọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí àwọn ọmọ tó ń ti bárò kiri á fi wá rà á. Ọdún yẹn ni mo ní a ò ní sun tiwa, a ò sì ní tà á. Mo fẹ́ fi ṣe buzu. Ẹni tó bá ti gbé Òkè Ọya á mọ buzu, awọ àgbò tí irun ẹ̀ ṣì wà lórí, òun ni àwọn àgbà máa ń tẹ́ kírun. Bàbá mi rí ọ̀kan nígbà tí wọ́n wá kí wa, wọ́n jókòó lé e, wọ́n fọwọ́ pa á lára títí, wọn ò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n mo mọ bàbá mi.

Màámi ló kọ́kọ́ gbógun tì mí. Wọ́n pè láti kí wa kú ọdún, ìyàwó mi ló tú àṣírí pé a ò sun awọ. "Odindi awọ àgbò? Ẹ fẹ́ fi ṣe kí ni? Ẹ̀yin tí ẹ ń fowó ra pọ́nmọ́ lọ́jà!" Mo ní Màámi, ẹ fara balẹ̀, ẹ máa rí i. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ rí nǹkan kan.

Ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ náà rèé. Alápatà bó awọ tán ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, mo ká a sínú náìlọ́ọ̀nù dúdú, mo so ó lẹ́nu pinpin, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀. Ẹran ṣì wà láti pín, àlejò ń wọlé, ẹ̀yin náà ẹ mọ bí ọjọ́ Iléyá ṣe máa ń rí. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni mo tó rántí ẹ̀. Bí mo ṣe tú náìlọ́ọ̀nù báyìí, ooru ló kọ́kọ́ fẹ́ sí mi lójú, awọ yẹn gbóná bí ẹni tí ibà mú. Mo fi omi àti ọṣẹ ìfọṣọ fọ̀ ọ́, nígbà tó dàárọ̀ mo tẹ́ ẹ sórí páànù bóyìsì kọ́tà kó lè rí oòrùn dáadáa, mo wá wọ́n iyọ̀ díẹ̀ sí i, díẹ̀ bíi tẹni tó ń se ẹ̀bẹ. Ọjọ́ kẹta mo ní kí n fa irun ẹ̀ wò, ìdì irun kan tẹ̀lé mi lọ́wọ́ láìjà rárá. Mo fa ibòmíì, bákan náà. Apá ikùn ti ń di àwọ̀ ewé, apá ẹ̀yìn tó kan páànù ti le bíi pákó, tí ẹ bá kàn án á dún kó-kó-kó. Ibì kan jẹrà, ibì kan jinná. Òórùn yẹn, n ò ní ṣàpèjúwe ẹ̀, ṣùgbọ́n ìyàwó lándílọ́ọ̀dù wa rán ọmọ wá pé ṣé eku ló kú sí síìlìn wa ni.

Bàbá tó ń ṣọ́ géètì wa ni wọ́n wá bá mi nídìí kòtò lóru ọjọ́ yẹn, tọ́ọ̀ṣì ń bẹ lọ́wọ́ wọn, wọ́n rò pé olè ni. Wọ́n tan iná sí awọ, wọ́n tan iná sí mi, wọ́n ní, "Ina gishiri?" Iyọ̀ dà? Mo ní mo fi iyọ̀ sí i. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọmọ Kano ni bàbá yìí, inú ìlú àtijọ́ lọ́hùn-ún, àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Majema, orúkọ yẹn gan-an ti sọ ọ́ tán, torí majemi ni Hausa ń pe ẹni tó ń ṣe awọ, tí wọ́n bá pọ̀ wọ́n di majema, àdúgbò àwọn aláwọ ni. Gbogbo ọjọ́ tí mo ti ń kí wọn ní "sannu Baba" lẹ́nu géètì tí mo ń kọjá lọ, mi ò mọ̀ pé ọ̀jọ̀gbọ́n ni mo ń kí.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ lóru ọjọ́ yẹn ni mo wá kọ gbogbo èyí lé lórí. Wọ́n ní àwọn èèyàn rò pé iṣẹ́ awọ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí èèyàn bá kó o sínú omi bagaruwa, ìyẹn èso igi tí wọ́n fi ń ṣe awọ, wọ́n ní rárá o, ní wákàtí tí wọ́n bó o ló ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì ti máa ń parí fún ọ̀pọ̀. Mo lọ kà nípa ẹ̀, òótọ́ ni. Bí ẹran bá ti kú báyìí, àwọn kòkòrò àìfojúrí tó wà lára awọ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nìyẹn, ìdí irun ni wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ jẹ, ìdí nìyẹn tí irun fi ń yọ kí awọ gan-an tó bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Èmi wá ká a nígbà tí ara ẹ̀ ṣì gbóná, mo dì í sínú náìlọ́ọ̀nù, ojú náìlọ́ọ̀nù ò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọ̀ ọ́, àfi bíi pé mo ń sin wọ́n bí adìyẹ. Tí irun bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, kò sí oògùn kankan láyé tó lè dá a padà. Iyọ̀ ló máa ń dá wọn dúró, torí iyọ̀ á fa omi jáde látinú awọ, kòkòrò tí ò bá rómi ò lè ṣiṣẹ́. Kì í sì í ṣe iyọ̀ ẹ̀bẹ o, ó kéré tán kó tó ìdajì ìwọ̀n awọ fúnra ẹ̀, tí awọ bá wọn kílò mẹ́ta, kílò kan ààbọ̀ iyọ̀ ni, tó bá lé kò burú.

Ti oòrùn ńkọ́? Èyí ló yà mí lẹ́nu jù. Mo rò pé gbígbẹ ni gbígbẹ. Ṣé ẹ mọ bí awọ màálù ṣe máa ń rí tí wọ́n bá sè é, á rọ̀, á máa fà, á di pọ́nmọ́? Ooru ló ṣe é bẹ́ẹ̀, awọ tútù ò lè fara da omi tó gbóná tó nǹkan bí 60 sí 65 lórí ìwọ̀n Celsius, á sún kì, á sì yí padà. Páànù tí oòrùn Abuja ń pa ń kọ́? Ohun tí mo ṣe fún awọ mi lókè yẹn, pọ́nmọ́ ni mo ń sè láìlo ìkòkò. Tí n bá ti mọ̀ ni, màámi ì bá ti jẹ ẹ́.

Iléyá 2025 dé, Friday ọjọ́ 6 oṣù June, mo ti ra iyọ̀ múdù mẹ́rin kalẹ̀ kí wọ́n tó fa àgbò wọlé. Mo bẹ alápatà tó wá bá wa ṣe é pé jọ̀ọ́, kó fi ìkúùkù bó o, kó má fi ọ̀bẹ wá a lọ. Ó wò mí bí ẹni tí orí ẹ̀ ò pé ṣùgbọ́n ó mọ̀ ọ́n ṣe. Ó gé ihò kékeré kan sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ó fẹ́nu fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i títí àgbò fi wú bí ìlù, ó wá ń fọwọ́ lù ú kí afẹ́fẹ́ lè rìn kárí, lẹ́yìn ìyẹn awọ ti kúrò lára ẹran fúnra ẹ̀, ìkúùkù ló kàn fi ń tì í. Gbogbo ibi tí ọ̀bẹ bá ti ta awọ láti inú, ẹ lè má rí i lọ́jọ́ náà, ọjọ́ tí ẹ bá ń nà án ni ibẹ̀ á là. Alhaji tí a jọ ń gbé kọ̀mpáǹdì rí mi, ó ní ṣé mo fẹ́ tiẹ̀ náà, mo ní mo fẹ́ ẹ. Bí mo ṣe ní awọ méjì nìyẹn.

Kí wákàtí kan tó pé mo ti fi omi tútù ṣan ẹ̀jẹ̀ kúrò lára wọn, mo jẹ́ kí ooru ara wọn lọ, mo tẹ́ wọn sórí pákó tí mo gbé dagun lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ojú ẹran lókè, irun nísàlẹ̀, mo sì da iyọ̀ lé wọn lórí bí ẹni ń da yanrìn. Bàbá dúró tì mí, gbogbo ibi tí mo bá fò ni wọ́n ń na ìka sí, etí awọ tó ká, abẹ́ ẹsẹ̀, ìdí ọrùn níbi tó nípọn. Lọ́jọ́ kejì omi pupa rúsúrúsú ti ṣàn dé ẹsẹ̀ pákó, mo gbọn iyọ̀ àkọ́kọ́ dànù, mo da tuntun lé e. Mi ò kí àlejò kankan títí mo fi ṣe èyí tán, ìyàwó mi ṣì ń fi sọ̀rọ̀ dòní.

(Ẹ jọ̀ọ́, omi iyọ̀ yẹn, ẹ má dà á sídìí igi. Mo dà á síbi tí mo rò pé kò sí nǹkan kan, ewúro aládùúgbò wa ló wà lódì kejì fẹ́ǹsì. Mo ti ra ẹ̀ka ewúro míì fún wọn.)

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan mo rẹ wọ́n sómi kí wọ́n lè rọ̀ padà, ó wá kan híha. Tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé iṣẹ́ awọ rọrùn, ẹ bi í pé ṣé ó ti ha á rí. Mo ra páìpù omi ńlá kan, mo fi ara ẹ̀ ti ògiri, mo gbé awọ lé e lórí, mo fi àdá tó ti kú ń ti ọ̀rá àti èérún ẹran kúrò lára ẹ̀ sísàlẹ̀. Àdá tó bá mú á gé awọ, èyí tó kú yẹn ló dáa. Lábẹ́ ọ̀rá ni ohun tó ń jẹ́ wàhálà wà, nǹkan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan báyìí, ó funfun, ó ń dán, ó dà bí náìlọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń di búrẹ́dì, ó lẹ̀ mọ́ awọ débi pé ẹ ò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ àfi tí ẹ bá fi èékánná họ ọ́. Tí ìyẹn bá wà lára ẹ̀, omi bagaruwa ò ní wọlé. Ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ha awọ méjì, ẹ̀yìn ń ro mí, eṣinṣin gbogbo Kubwa gbọ́ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀ nílé wa. Bàbá á kàn máa fẹ̀yìn ọwọ́ kàn án lọ, wọ́n á ní "sauran," ó kù. Ọ̀rọ̀ yẹn sú mi.

Tó bá jẹ́ pé irun ò sí nínú ohun tí èèyàn fẹ́ ni, bíi ti awọ ewúrẹ́ tí wọ́n ń fi ṣe bàtà àti báàgì, inú omi eérú ló máa kọ́kọ́ wọ̀ kí irun lè bọ́. Àwọn ará Kano tún máa ń fi katsi kún un, ìyẹn gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó bá kù sísàlẹ̀ kòtò aró, Kano ò sì níṣòro aró, àwọn kòtò aró Kofar Mata wọ̀nyẹn, 1498 ni wọ́n ní ó ti wà. Tí irun bá bọ́ tán wọ́n á kó awọ sínú omi ìgbẹ́ ẹyẹlé kí eérú lè jáde lára ẹ̀ kó sì rọ̀. Ìgbẹ́ ẹyẹlé o! Mo dúpẹ́ pé buzu ni mo fẹ́ ṣe.

Bagaruwa wá kàn. Èso igi ẹlẹ́gùn-ún kan ni, ó rí bí ìlẹ̀kẹ̀ pẹlẹbẹ tí wọ́n sín pọ̀, àwọn eléwé ọmọ nílé ń pè é ní booni. Mo lọ sọ́jà Kubwa, mo rí ìyá Hausa kan tó ń tà á pẹ̀lú kànáfùrù àti àwọn èèpo igi, mo ní kó wọn múdù mẹ́rin fún mi. Ó dúró. Ó bi mí pé ìyàwó mélòó ló bímọ nílé mi? Mi ò kọ́kọ́ gbọ́ ọ yé, obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ló ń rẹ́rìn-ín tó wá là mí lóye, pé omi bagaruwa ni àwọn obìnrin wọn máa ń jókòó sínú ẹ̀ tí wọ́n bá bímọ tán, ẹ̀kúnwọ́ kan ti tó èèyàn kan. Mo ní awọ ni mo fẹ́ fi ṣe. Ẹ̀rín yẹn tún wá pọ̀ sí i, Bàyárábè tó ń ṣe awọ! Ó fún mi ní ẹ̀ní ṣá.

Ohun tó wà nínú ẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ni tánníìnì. Ẹ ti mọ̀ ọ́n lẹ́nu yín tipẹ́, òun ló máa ń gbá ọ̀fun mú tí èèyàn bá jẹ kajú tí ò tíì pọ́n, òun náà ló wà nínú obì tó ń fún ẹnu pọ̀, tó sì ń kun eyín. Bó ṣe ń fún ẹnu pọ̀ yẹn náà ló ń ṣe fún awọ, á di àwọn fọ́nrán inú awọ mú, omi ò ní ráàyè láàárín wọn mọ́, kòkòrò náà ò sì ní rí nǹkan jẹ. Awọ tó bá ti gba tánníìnì dénú, ẹ lè rẹ ẹ́ sómi kẹ́ ẹ sì sá a, kò ní jẹrà mọ́. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín awọ tí wọ́n ṣe àti awọ tí wọ́n kàn sá gbẹ bíi ti ojú gángan nìyẹn, ojú gángan tí ò bá kúrò nínú òjò, ẹ̀yin náà ẹ mọ ibi tó ń já sí.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń gbé Lugbe ní kí ló dé tí mi ò lo álọ́ọ̀mù, pé kíákíá ló ń ṣe é, irun á sì funfun bó ṣe wà. Òótọ́ ni, bagaruwa á kun irun funfun. Ṣùgbọ́n álọ́ọ̀mù yẹn, tí omi bá ti ń kàn án léraléra ó ń ṣan kúrò ni, awọ á padà sídìí àárọ̀. Bàbá mi á sì ṣàlùwàlá tán, ẹsẹ̀ wọn á tutù, orí buzu ni wọ́n máa gbé e lé, ẹ̀ẹ̀márùn-ún lójúmọ́. Mo ní rárá, bagaruwa ni.

A gbọn kóró ẹ̀ dànù, èèpo yẹn la fẹ́, ọmọ mi ọkùnrin gún un nínú odó, a rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ mọ́jú, nígbà tó máa dàárọ̀ ó ti pọ́n bíi tíì tí wọn ò fi mílíìkì sí. Mo ti fẹ́ ki awọ bọ̀ ọ́ ni Bàbá dá mi dúró, wọ́n bù bí ìdá mẹ́rin ẹ̀ sínú rọ́bà ńlá, wọ́n fi omi lasan àti iyọ̀ kún un, ó wá ṣàn bí omi ìfọwọ́. Mo ní Baba, èyí ò ní lágbára o. Wọ́n ní ohun táwọn ń wá nìyẹn. Tí omi bá le ju lọ́jọ́ àkọ́kọ́, òde awọ á gbà á kíákíá, á sì tìlẹ̀kùn mọ́ inú, òde á ti di awọ, inú á ṣì jẹ́ ẹran tútù, lẹ́yìn oṣù mélòó kan inú yẹn á wá jẹrà. Omi fẹ́ẹ́rẹ́ ló ń wọlé jẹ́jẹ́. Lójoojúmọ́ la wá ń bu díẹ̀ sí i láti inú èyí tó le, láàárọ̀ lálẹ́ ni mò ń wọ glọ́ọ̀fù tí mò ń yí wọn, tí n bá gbàgbé, ibi tó bá ká lé ara wọn ò ní rí omi.

Ọjọ́ kẹrin ni mo rí àmì dúdú kan lára ọ̀kan nínú wọn, ó fẹ̀ tó owó kọ́bọ̀ àtijọ́. Mo rò pé ó ti ń rà, àyà mi já. Ìṣó ni. Ìṣó kan já sínú rọ́bà látara pákó yẹn, mi ò mọ̀, tánníìnì àti irin ò sì gbọ́dọ̀ pàdé, dúdú ni wọ́n ń bí, dúdú bíi yíńkì, kò sì ní ṣí mọ́. Nítorí náà rọ́bà ni kí ẹ lò, ẹ má lo báàfù onírin, ẹ sì ka ìṣó yín.

Ọjọ́ kẹsàn-án, mo gé tín-ín-rín létí awọ, mo wo ojú ibi tí mo gé. Tí funfun bá ṣì wà láàárín bí àgbọn nínú bísíkíìtì, kò tíì gbà á tán. Tèmi ti pọ́n látòkè délẹ̀. Mo ké "Baba!" bí ọmọdé.

Mo rò pé ó ti parí ni. Ibi tó le jù ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kù. Awọ tí ẹ bá yọ látinú bagaruwa tí ẹ kàn fi sílẹ̀ kó gbẹ, pákó ló máa dà, ọwọ́ ló ń sọ ọ́ di ohun tó rọ̀. Mo ṣan án, mo jẹ́ kí omi ẹ̀ ro, mo fi òróró ẹ̀pà tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ pa ojú ẹran, mo gbé e sínú ibòòji. Nígbà tó gbẹ dé ìwọ̀n tí ẹ bá fọwọ́ kàn án á tutù ṣùgbọ́n ọwọ́ yín ò ní rin, ìgbà yẹn gan-an ni, kò gbọ́dọ̀ ṣíwájú, kò gbọ́dọ̀ pẹ́ jù, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fà á. Èmi di etí kan mú, ọmọ mi di etí kejì, a ń fà á síwá sẹ́yìn lórí ẹ̀yìn àga onígi bí ẹni ń fa okùn mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ibi tó bá ti rọ̀, ẹ máa rí i, àwọ̀ ẹ̀ á kàn ṣí láti búráùn di bí ìyẹ̀fun àmàlà, ìka yín á sì mọ̀ ọ́n kí ojú tó rí i. Ní gbogbo wákàtí la ń padà síbẹ̀. Òjò oṣù June ò jẹ́ kó tètè gbẹ, ìyẹn ló ràn wá lọ́wọ́, lásìkò ọyẹ́ wọ́n ní ó lè gbẹ mọ́ èèyàn lọ́wọ́ láàárín ìrun Àsàrì sí Màgàríbà. Ti awọ kejì, èyí tó ní àmì ìṣó yẹn, mo lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Monday, nígbà tí n ó fi bọ́ nínú gó-sílóò Kubwa padà dé, apá ikùn ẹ̀ ti le. Ó ṣì le dòní. Òun ló wà ní pálọ̀.

Àsìkò tí a ń fà á yẹn ni Bàbá máa ń pìtàn. Wọ́n ní awọ ewúrẹ́ pupa wọn láyé àtijọ́, àwọn onírakùnmí ló ń rù ú la aṣálẹ̀ kọjá. Mo kọ́kọ́ ṣe bí ẹni pé ọ̀rọ̀ àgbà ni, àfi ìgbà tí mo kà á: awọ ewúrẹ́ Kano àti Sokoto ló ń gba Tripoli àti Morocco dé ilẹ̀ Yúróòpù, ibi tó gbà jáde ni òyìnbó mọ̀, ni wọ́n bá ń pè é ní awọ Morocco, wọ́n ń fi ṣe ẹ̀yìn ìwé olówó ńlá. Òyìnbó Jámánì tó ń jẹ́ Heinrich Barth tó dé Kano ní 1851 kọ awọ mọ́ ọjà tó ń ti ìlú yẹn jáde. Orúkọ Morocco ló wá wà lẹ́nu aráyé. Nígbà tí mo kà á fún Bàbá wọ́n ní "to," wọ́n sì ń fa awọ lọ, kò jọ wọ́n lójú.

Àwọn ilé iṣẹ́ awọ ńláńlá tó wà ní Kano báyìí, Challawa, Sharada, Bompai lọ́hùn-ún, kurómíọ̀mù ni wọ́n ń lò, kẹ́míkà kan ni, òun ni ọ̀pọ̀ awọ ayé ń gbà lónìí, kì í pẹ́, awọ á kọ́kọ́ jáde ní àwọ̀ búlúù, èyí tí wọ́n bá sì ṣe dáadáa ẹ lè ki í bọ omi híhó kó má sún kì. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gbìyànjú ẹ̀ nínú ilé tẹ́ ẹ ti ní kànga. Omi bagaruwa, mo lè dà á síbi tí igi ò sí kí n sùn, ti kẹ́míkà yẹn, ibo lẹ fẹ́ dà á sí?

Ọ̀kan tún kù tí mi ò fẹ́ fi ṣeré. Ẹran tó bá kú fúnra ẹ̀, ẹ má bó o, ẹ má fọwọ́ kan awọ ẹ̀. Ní July 2023 ìjọba kéde pé wọ́n rí àìsàn anthrax lára àwọn ẹran ní oko kan ní Suleja, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Kubwa ẹ mọ̀ pé Suleja ò jìnnà sí wa rárá. Èèyàn ń kó o láti ara awọ àti irun, iyọ̀ tí mo ń pariwo látàárọ̀ yìí kò sì lè pa á. Àgbò tó rìn wọlé fẹ́sẹ̀ ara ẹ̀, tí ara ẹ̀ dá ṣáṣá, tí wọ́n dúńbú lójú yín, òun ni kí ẹ lò.

Buzu tó dáa yẹn, mo fi rán dírẹ́bà Ìlọrin kan, mo ní kó má gbé nǹkan lé e lórí. Irun ẹ̀ ò funfun báláú mọ́, ó ti pọ́n díẹ̀ bí eyín àgbà tó ń jẹ obì. Bàbá mi pè mí lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, wọ́n dúpẹ́, wọ́n ṣàdúrà tó gùn, wọ́n wá ní ṣé ó dá mi lójú pé àgbò wa gan-an ni, pé kì í ṣe pé mo lọ rà á lọ́jà tí mo ń parọ́ fáwọn. Mo ní kí wọ́n yí i padà, kí wọ́n wo ibi tí ọ̀bẹ ti ta á létí ẹsẹ̀ òsì, mo fi òwú pupa rán an.

Màámi gba fóònù. Mo ti ń múra sílẹ̀ torí ní 2022 tí ọ̀gá iléeṣẹ́ ìwádìí awọ ti ìjọba ní Zaria, àwọn NILEST, sọ pé ó yẹ kí wọ́n fòfin de pọ́nmọ́ jíjẹ kí iṣẹ́ awọ lè gbérí, bí ẹni pé èmi ni mo sọ ọ́ ni wọ́n ṣe bá mi jà. Wọ́n ní buzu náà dáa. Wọ́n ní ṣùgbọ́n awọ orí ńkọ́, awọ ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ńkọ́, torí àwọn ò rí i lára ẹ̀. Mo ní a gé wọn kúrò ká tó fi iyọ̀ sí i, a sun wọ́n, a fi se ọbẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀n-ẹ́n-ẹ̀n.

Awọ ewúrẹ́ kan wà nínú rọ́bà báyìí, ọjọ́ kẹta ẹ̀ rèé nínú eérú, irun ọrùn ti ń bọ́ ṣùgbọ́n ti ẹ̀yìn ṣì ń ṣagídí. Bàbá ti lọ mú ìgbẹ́ ẹyẹlé wá lọ́dọ̀ ẹnìkan. Mo fẹ́ lọ yí i kí iná tó lọ.